Orúkọ Tí Mo Pè Lẹ́nu Géètì Èbúté

Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo rántí orúkọ gbogbo wọn: ti ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu géètì, ti akọ̀wé tó mú ìwé lọ́wọ́, ti àwọn obìnrin tí a jọ máa ń gbé oúnjẹ lọ, títí dé orúkọ ajá tó máa ń sùn sábẹ́ àga ẹ̀ṣọ́ náà. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n orí orúkọ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lé, ó sì ti fi ojú mi rí nǹkan tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi fẹ́ fi orúkọ ẹnikẹ́ni ṣeré lórí ìwé.

Àbúrò ọkọ mi ló kú lóṣù tó kọjá. Ọkọ mi ti lọ tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ yìí ló kù tí a jọ ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òmù-Àrán, tí a jọ ń bá àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà jà pé wọn ò kí wa. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gbé e wọlé. Àwọn ọmọ wá ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀, torí gbogbo wọn dàgbà bá a tó ń tiro, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé igi ọkọ̀ ojú omi ló wó lù ú. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù, ọwọ́ mi ló wà.

Ìwé kẹrin ni mo kà ní ilé ìwé ìjọ. Bí mo bá kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ẹ fara mọ́ ọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sínú ilé ọkọ kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni onítọ̀hún jẹ́ fún ìyàwó, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Ìyá ọkọ mi le lórí èyí ju gbogbo àwọn ìyá àdúgbò lọ. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ṣùgbọ́n ó gbà pé bí ìyàwó bá la orúkọ ọkọ mọ́lẹ̀, ó ti ká aṣọ kúrò lára rẹ̀ nìyẹn, ohun búburú tó bá ń kọjá á rí i. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ló pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó, kí lo máa máa pe ọmọ mi àgbà?"

"Olówó orí mi ni, Màmá."

"Àbúrò rẹ̀ ńkọ́?"

Mo wo ibi tí àbúrò náà jókòó sí, tó ń fi òkúta pọ́n ọ̀bẹ, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ wa. Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun, àlàfo kékeré sì wà láàárín méjì tó wà níwájú.

"Eyínafẹ́."

"Ó dáa. Òmíràn ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ níṣojú mi, kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́yìn mi."

Láti ọjọ́ náà, Eyínafẹ́ ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó, ó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí tí orí mi fi funfun.

Bàbá wọn ni ó máa ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó ilé fún àwọn ènìyàn agbègbè wa. Ó ti kú kí n tó débẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì mọ igi bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó lọ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun wá sọ fún wa pé wọ́n ń wá káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ojú omi ṣe. Ìyá ọkọ mi kò fẹ́. Ó ní kí ni ọmọ orí ilẹ̀ ń wá lọ sínú iyọ̀. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti di ẹrù, ó wọlé, ó gbé òòlù bàbá wọn jáde, èyí tí ọwọ́ bàbá ti dán ọ̀pá rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

"Nǹkan tó kù lára rẹ̀ lọ́wọ́ mi nìyí," ó ní. "Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ó gbọdọ̀ bá yín bọ̀."

A wọ ọkọ̀ dé Ọ̀fà, a sì wọ rélùwéè níbẹ̀.

Èbúté yẹn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé adágún omi lásán ni. Òkun gidi wà níta, ó ń hó, ó ń lu àpáta. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ na apá méjì jáde, apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ibi tí wọn ò ti pàdé ni àwọn òyìnbó ti fi òkúta mọ odi, wọ́n wá fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọkọ̀. Inú ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Bí ìjì bá ń jà níta, àwọn ọkọ̀ inú ibẹ̀ kàn máa ń mi orí díẹ̀díẹ̀ ni. Ìparọ́rọ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Odò tí mo mọ̀ nílé, bó bá fẹ́ gbé ènìyàn, á kọ́kọ́ pariwo. Èyí kì í sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, lọ́sàn-án ó ti bo àtẹ̀gùn márùn-ún, kò sì sí òjò tó rọ̀. Mi ò jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i.

Etí èbúté náà ni ọgbà iṣẹ́ wà. Dọ́kìyáàdì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ nígbà ogun àgbáyé, kí àwọn ọkọ̀ tí ọ̀tá ti bà jẹ́ lè rí ibi sá sí. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan síbẹ̀, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, ó jìn ju kànga ilé wa lọ, ó sì fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ á wọ inú rẹ̀ tòun tomi, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin, wọ́n á fa omi jáde, ọkọ̀ á wá jókòó sórí àwọn ìtì igi. Àwọn igi gígùn mìíràn á ti í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì kó má baà dojú dé. Iṣẹ́ ọkọ mi àti Eyínafẹ́ ni àwọn igi yẹn. Bí iṣẹ́ bá parí, gbogbo òṣìṣẹ́ á gòkè, akọ̀wé á ka orúkọ wọn nínú ìwé, ẹni tó bá dáhùn ni yóò fa ìlà sí. Ìgbà náà ni wọ́n á yí kẹ̀kẹ́ irin kan lókè, omi òkun á sì máa ya wọlé láti ihò méjì nísàlẹ̀ ògiri.

A ti lo ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Mi ò tíì bímọ. Ẹ rántí èyí, torí ó wà lára ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó ti bímọ lè sọ pé bàbá lágbájá. Èmi ò ní ẹni tí mo lè fi bo orúkọ ọkọ mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ibà dá ọkọ mi dúbúlẹ̀. Eyínafẹ́ nìkan ló lọ síbi iṣẹ́, ó sì mú òòlù bàbá dání láti ilé torí àwọn igi kan wà tó ní òòlù ìjọba kò gbọ́ tiwọn. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ ní ọ̀sán. Ẹnu géètì ni a máa ń dúró sí, wáyà ló yí ibẹ̀ ká, a sì ń rí etí kòtò láti ibẹ̀. Wọ́n ti gòkè. Mo gbọ́ tí akọ̀wé ń ka orúkọ, tí wọ́n ń dáhùn "Yẹ́sà" lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ohùn tirẹ̀. Ó jáde wá bá mi ní wáyà, ó ń fi apá nu ojú.

"Ìyàwó, kí lo sè?"

"Ẹ̀wà ni."

"Ẹ̀wà lánàá, ẹ̀wà lónìí. Ṣé ìwọ àti ẹni tó ń ta ẹ̀wà ti di ìmùlẹ̀ ni?" Ó na ọwọ́ gba abọ́, ó wá dúró. Ó fọwọ́ pa bẹ́líìtì rẹ̀. "Háà. Òòlù bàbá."

"Ibo ló wà?"

"Abẹ́ ọkọ̀. Mo gbé e lé orí ìtì igi nígbà tí mò ń so okùn."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ọ̀la wo? Omi á ti bò ó. Kí ni màá sọ fún Màmá? Gbé abọ́ yẹn sílẹ̀, mò ń bọ̀."

Ó yí padà. Àwọn yòókù ti kó jọ sábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n ń jẹun. Akọ̀wé ti pa ìwé dé. Mo rí Eyínafẹ́ tó gba ẹ̀yìn wọn kọjá, mo rí i tó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ìkángun, orí rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lu agogo pé omi fẹ́ wọlé.

Mo dúró. Mo ní á ti gòkè báyìí. Kò gòkè. Ọ̀gá kan wà ní etí kòtò, ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun, ọmọ ilẹ̀ wa. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbé jáde láìsí òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo òkun. Mo lọ bá ẹ̀ṣọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan wà nísàlẹ̀."

"Ta ni?"

"Eyínafẹ́."

Ó ké sí akọ̀wé. Akọ̀wé wá tòun tìwé, ó fi ìka tọ ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kò sí Eyínafẹ́ níbí. Gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé yìí ló ti gòkè. Mo ka orúkọ wọn, wọ́n dáhùn."

"Ó dáhùn lóòótọ́. Ó tún padà sọ̀kalẹ̀. Ojú mi ló ṣe."

"Ta ló padà?"

"Àbúrò ọkọ mi."

"Kí lorúkọ ọkọ rẹ?"

"Olówó orí mi."

Ẹ̀ṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa la sanwó orí ìyàwó, àǹtí. Èwo nínú wa ni?"

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu géètì gbójú sókè. Ìlú mìíràn ni tiẹ̀, wọn kì í le tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. "Ẹ wo ìyàwó tí kò mọ orúkọ ọkọ. Bó bá sọnù, kí lo máa sọ fún ọlọ́pàá?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ orúkọ náà. Ó wà lórí ahọ́n mi bí òkúta. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní kí ló dé tí mi ò pè é. Mo fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ni ìyá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, tó ń sọ pé bí mo bá pè é ohun búburú á rí i. Ọmọ rẹ̀ sì wà nínú kòtò létí òkun, níbi tí gbogbo ohun tí mo bẹ̀rù kóra jọ sí. Mo rò pé bí mo bá la orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, èmi ni mo fi í lé omi lọ́wọ́. Mo rò pé mò ń gbà á là ni mo ṣe dákẹ́.

Ọ̀gá aláṣọ funfun pariwo láti etí kòtò pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé sáré lọ, ó padà.

"Ọ̀gá ní kí o sọ orúkọ. Bó bá dá omi dúró láìnídìí, òkun á fà sẹ́yìn, ọkọ̀ ò ní jáde títí ọ̀la, òun ni wọ́n á bi. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni mo fẹ́."

"Ó dúdú, ó ga, eyín rẹ̀…"

"Mádàámù, mi ò kọ eyín sínú ìwé. Orúkọ."

Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n ń bi mí. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n kàn lọ wò. Akọ̀wé mi orí, ó juwọ́ sí ọ̀gá pé kò sí nǹkan. Mo rí àwọn ọkùnrin méjì tó gbá kẹ̀kẹ́ irin náà mú, tí wọ́n fi gbogbo ara yí i. Mo wá gbọ́ omi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé etí òkun yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀.

Ẹlẹ́kọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, ó di ejìká mi mú. "Ọmọ mi, kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo pè é. Mo pe orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún un, mo pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo pe orúkọ bàbá náà tẹ̀lé e. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú. Ajá tó sùn sábẹ́ àga dìde.

Akọ̀wé ní, "Ẹni yẹn dáhùn kẹ̀." Ó yíjú sí abẹ́ igi fúrúùtù, ó pe orúkọ náà. Àwọn tó ń jẹun wo ara wọn. Ó tún pè é. Ọ̀kan nínú wọn gbé abọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kò jókòó pẹ̀lú wa o." Akọ̀wé ju ìwé náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀gá fọn fèrè.

Kẹ̀kẹ́ yẹn, bó ṣe pẹ́ kó tó ṣí náà ló ṣe pẹ́ kó tó tì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, mo di í mú títí ó fi gé mi lọ́wọ́. Àwọn méjì fi okùn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní òòlù ni wọ́n gbọ́. Ó ń fi òòlù bàbá rẹ̀ kan ìdí ọkọ̀, gan, gan, gan, ariwo omi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lókè. Òòlù náà ti já sáàárín àwọn ìtì, níbi tó ti ń yọ ọ́ ni omi bá a. Agbára omi ti yẹ ọ̀kan nínú àwọn igi tí wọ́n fi ti ọkọ̀, igi náà sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara ìtì. Omi ti dé ọrùn rẹ̀. Ayùn ni wọ́n fi gé igi náà nínú omi, wọ́n wá gbé e gòkè. Òòlù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló tú ìka rẹ̀ kúrò lára òòlù ní ọsibítù.

Ìgbà tí mo lè dá wà pẹ̀lú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Eyínafẹ́, ẹ dárí jì mí. Mo pe orúkọ yín."

"Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní o tún pe ti bàbá mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kí o pe ti bàbá bàbá." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún. "Dìde. Má sọ fún Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí kí n tó pè é."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó ń wo àjà.

"Ìgbà tí omi dé orúnkún mi ni igi yẹn yẹ̀," ó ní. Ó wá ní, "Ǹjẹ́ wọ́n bá mi mú abọ́ ẹ̀wà yẹn?"

Kò tún sọ ọ́ mọ́ láyé rẹ̀. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi. Ká ní mo dáhùn nígbà àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ ò bá tíì yí.

Egungun ẹsẹ̀ náà jinná ní wíwọ́. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, tí wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ṣí sílẹ̀ ní Ìlọrin fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́, a sì kó bọ̀ wálé. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń tiro bọ̀, ó wá wò mí. Kò kí wa.

"Ta ló ká aṣọ lára ọmọ mi?"

Ọkọ mi wo ilẹ̀. Eyínafẹ́ sún mọ́ ọn, ó tú àpò, ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́.

"Igi ló wó lù mí, Màmá. Òòlù yín rè é, ó bá wa bọ̀."

Ó gba òòlù, kò mú ojú kúrò lára mi. Títí ó fi kú, ojú yẹn wà lára mi nígbàkígbà tí mo bá gbé oúnjẹ fún un. Kò bi mí rárá. Ìbá sàn kó bi mí.

Eyínafẹ́ ṣe káfíńtà ní Òmù-Àrán títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi dúró mọ́. Ó gbéyàwó, ó bímọ, ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì wa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ, á ní, "Ẹ má rán Ìyàwó níṣẹ́ kánkán o. Ó máa ń kọ́kọ́ rò ó." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Èmi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin dé etí òkun yẹn, ó ya fọ́tò rẹ̀ wá nínú fóònù. Dọ́kìyáàdì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Koríko ti bo ẹ̀gbẹ́ kòtò, omi òjò wà nínú rẹ̀, igi kan hù láti inú ògiri. Èbúté ṣì pa rọ́rọ́ bó ṣe wà. Eyínafẹ́ mú fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Géètì dà?" ó ní.

"Kò sí géètì níbẹ̀, Dádì."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, ó dá fóònù padà.

Lóṣù tó kọjá, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há a láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èmi àti ọmọ àdúgbò kan tó ní ọkọ̀ la gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀nà àbáwọlé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ káàdì kò gbójú sókè.

"Màmá, orúkọ aláìsàn?"

Mo sọ ọ́. Kò tíì pa ẹnu dé tán tí mo fi sọ ọ́, ti ìsàmì, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ bàbá, mo sì sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Ó ti mí kanlẹ̀, kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó."

"Mo wà níbí."

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ṣì funfun. "Ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára."

Ọjọ́ kẹrin ló kú. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí dókítà jáde tán, mo fa aṣọ dé àyà rẹ̀, mo sì pè é ní Eyínafẹ́.